Omi Inú Táǹkì Ọkọ̀ Bàbá Mi

Àkùkọ kọ́ ló ń jí wa nílé wa ní Ìwó lọ́dún tí mò ń sọ yìí. Ọ̀lẹ ni àkùkọ ilé wa, ilẹ̀ á ti mọ́ kó tó rántí iṣẹ́ rẹ̀. Ládàánì ló máa ń kọ́kọ́ ké, kò sì ní pẹ́ tí màá fi gbọ́ tí kẹ́tùlù àlùwàlá Ìyá Àgbà bá ń kan sìmẹ́ǹtì ẹ̀yìnkùlé. Lẹ́yìn ìyẹn ni agogo ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi tó wà lókè ọ̀nà á dún, bàbá mi á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì nínú yàrá wọn, a ti mọ̀ nìyẹn pé ká máa bọ̀ ní pálọ̀ fún àdúrà òwúrọ̀. Bí a bá ti ṣe àmín tán, ó ku ọkọ̀ bàbá mi tí yóò wú ikọ́ tirẹ̀ níta. Ikọ́ ọkọ̀ yẹn kò níye. A lè jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà tán, kí a ṣan ọwọ́, kí a wọ bàtà, kó ṣì máa wúkọ́. Mo ti dàgbà báyìí, èmi náà ti di ìyá àgbà fún àwọn ẹlòmíràn, ọkọ̀ tí àwọn ọmọ mi ń gùn kì í pariwo rárá. Síbẹ̀, bí mo bá gbọ́ tí ọkọ̀ àlòkù kan ń wúkọ́ láàárọ̀, ńṣe ló máa ń ṣe mí bíi kí n dìde lọ bu omi.

Iṣẹ́ tèmi ni omi ọkọ̀. Rédíétọ̀ rẹ̀ ń jò, bàbá mi sì ti gbà pé bó ṣe máa jò títí nìyẹn. Àràárọ̀ ni mò ń fa omi nínú kànga, tí mò ń rọ ọ́ sínú kẹ́tùlù ńlá, tí mò ń dúró tì wọ́n títí wọ́n á fi ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Inú ọkọ̀ ni wọ́n ti ń fa ohun tó ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sì wà lọ́wọ́ bàbá mi tàbí lọ́wọ́ Bùọ̀dá Làtí, àbúrò wọn, kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ihò tí a ń rọ epo sí ní tiẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn ló wà, ó lajú sókè, ẹnikẹ́ni ló lè dé ibẹ̀. Ìdérí rẹ̀ ti sọnù kí n tó gbọ́njú. Àkísà ni wọ́n fi ń dí i, wọ́n á wá fi ọ̀rá wé e lórí nítorí òjò. Ìyá Àgbà máa ń jókòó sórí ẹní wọn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa fa tẹ̀sùbáà, wọ́n á máa wò wá. "Ṣé ẹ ti fún ọkọ̀ lómi?" ni wọ́n máa ń bi mí, bí ẹni tó ń béèrè ewúrẹ́. Èmi á ní, "Ó ti mu, Ìyá Àgbà." Wọ́n á ní, "O kú iṣẹ́. Jẹ́ kó mu yó o." Ohun tí mo mọ̀ nípa mọ́tò kò ju èyí tí àwọn náà mọ̀ lọ: ó ń mu epo, ó ń mu omi, ó ń lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ilé wa ṣe rí, kí ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀ yìí má bàa rú yín lójú ju bó ṣe rú èmi lójú lọ. Mùsùlùmí ni Ìyá Àgbà, wọn kò sì fi ọjọ́ kan ronú láti jẹ́ nǹkan mìíràn. Ilé ìwé míṣọ́n ni bàbá mi lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti rì wọ́n bọmi, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ṣe tíṣà nígbà tí mo gbọ́njú. Gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n ní Tíṣà. Ìyá Àgbà nìkan ló ń pè wọ́n ní Àlàó, orúkọ ìrìbọmi yẹn kò sì jáde lẹ́nu wọn títí wọ́n fi kú. Ìjà ẹ̀sìn kò sí nílé wa. Bí Iléyá bá dé, bàbá mi ló ń di okùn àgbò mú. Bí Kérésìmesì bá dé, Ìyá Àgbà ló ń dúró ti ìkòkò ìrẹsì, ẹni tí wọ́n bá bù fún kò gbọ́dọ̀ sọ pé kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ààlà wà, gbogbo wa la sì mọ ibi tó gbà kọjá. Ohunkóhun tó bá ti jẹ́ ti bàbá mi, tírà kò gbọ́dọ̀ kàn án, hàńtú kò gbọ́dọ̀ kàn án. Ẹni tí kò bá mọ hàńtú, omi ni, tí ààfáà fi fọ ọ̀rọ̀ àdúrà tó kọ sára wàláà kúrò, tó sì rọ sínú ìgò fún ẹni tó fẹ́ mu ún tàbí tó fẹ́ fi wẹ̀. Ó máa ń dúdú díẹ̀ nítorí tàdáwà tí wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ náà. Èmi ti mu ún lẹ́ẹ̀mẹta nígbà tí ibà ń ṣe mí. Bàbá mi kò mọ̀. Ìyá mi mọ̀, ìyá mi sì ń wo òkè àjà nígbà tí mò ń mu ún lọ́wọ́.

Bùọ̀dá Làtí ni ọmọ ìkẹyìn Ìyá Àgbà. Ẹ má bínú pé mi ò sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ àgbà. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń kìlọ̀ fún wa pé ká má sọ òun di arúgbó. Ìyàwó ilé kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ, nítorí náà Arẹwà ni ìyá mi ń pè é, orúkọ náà sì bá a mu. Ó mọ súfèé í sú, ó mọ ẹ̀fẹ̀ í ṣe, kò mọ oko í ro. Oko ìdílé wa wà ní Olúpọ̀nnà, ibẹ̀ ló ti sá wá bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní kí wọ́n kọ́ òun ní mọ́tò, pé bí òun bá tún pa dà sí ìdí ebè, ikú ló máa gbé òun kúrò níbẹ̀. Bàbá mi kọ́ ọ. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ dán, wọ́n ní kó máa fi ọkọ̀ gbé àwọn ìyá ọlọ́jà láti Odò-Ọ̀rí lọ sí Ilé-Ogbó lọ́jọ́ tí àwọn kò bá lò ó. Èmi rí bí ojú rẹ̀ ṣe máa ń rí bó bá ti jókòó sídìí sítíárì. Mi ò tíì rí ẹlòmíràn tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dùn mọ́ ọn báyẹn, títí kan èmi tí mo fi ọdún gbọgbọrọ ta aṣọ. Àmọ́ ó ti ní ẹ̀sùn lọ́rùn tẹ́lẹ̀. Ó ti gbé ọkọ̀ lọ sí Òṣogbo láìtọrọ rẹ̀ rí, ó fọ́ iná iwájú kan bọ̀. Nígbà tó yá, ó tún ní òun fẹ́ fi ọkọ̀ náà kọ́ ọ̀rẹ́ òun, ọ̀rẹ́ náà sì fi kọ lu igi máńgòrò iwájú ilé. Ọjọ́ igi máńgòrò yẹn ni bàbá mi na ìka sí i níṣojú gbogbo wa.

"Làtí, ẹ̀ẹ̀kejì rèé. Ẹ̀ẹ̀kẹta, Olúpọ̀nnà ni. Mi ò ní pariwo, mi ò ní jà. O kàn máa di ẹrù ẹ ni."

Bàbá mi kì í sọ ohun tí wọn kò ní ṣe. Bùọ̀dá Làtí dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́, kò sì fi ẹ̀fẹ̀ kan sí i. Láti ọjọ́ náà ló ti ń fọ ọkọ̀ yẹn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, bíi pé ọkọ̀ náà ló máa ṣe ìdájọ́ òun.

Ọdún ọ̀wọ́n epo ni ọdún náà. Ilé epo wà, epo kò sí níbẹ̀. Ẹ̀bá títì ni wọ́n ti ń tà á nínú kẹ́ẹ̀gì, ibẹ̀ náà ni Bùọ̀dá Làtí ti ń rà á, bàbá mi á sì máa kìlọ̀ fún un pé kó máa wo ojú ẹni tó ń tà á dáadáa, kó sì fi imú sí i kó tó gbà á. Òjò ọdún náà sì tún le. Ọjọ́bọ̀ kan báyìí, òjò bẹ̀rẹ̀ nírọ̀lẹ́, kò sì dá títí ilẹ̀ fi mọ́. Inú òjò yẹn ni Bùọ̀dá Làtí ti Ilé-Ogbó dé, gbogbo ara rẹ̀ rin gbindin, kò súfèé, kò fẹ́ jẹun. Ìyá Àgbà wò ó títí. Wọ́n ní àwọn ti lá àlá kan nípa rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, pé ọkọ̀ ń lọ, kò sí ẹni tó ń wà á. Ẹ̀rù ba èmi náà, nítorí àlá Ìyá Àgbà kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ṣeré nílé wa. Bó ti di òwúrọ̀ Jímọ́ọ̀, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà ko bàbá mi lójú.

"Àlàó, jẹ́ kí n fi àdúrà sára ọkọ̀ yìí. Ààfáà ti ṣe é sílẹ̀. Omi lásán ni."

"Ẹ ṣeun, Màmá. A ti gbàdúrà sí i láàárọ̀ yìí."

"Ṣé àdúrà a máa pọ̀ jù ni?"

"Kì í pọ̀ jù, Màmá. Hàńtú lẹ fẹ́ fi sí i. Mi ò fẹ́ ẹ nínú mọ́tò mi. Ẹ jọ̀ọ́."

"Àbúrò rẹ ló ń wà á o. Èmi ni mo bí i."

"Ẹ̀yin náà lẹ bí èmi, Màmá," ni bàbá mi dáhùn. Wọ́n mú báàgì wọn, wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé ìwé, nítorí wọ́n ń ṣọ́ epo lò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ìyá mi wà lọ́jà, Bùọ̀dá Làtí ti lọ kírun Jímọ́ọ̀. Ẹ̀wà ni mò ń ṣà lẹ́yìnkùlé nígbà tí Ìyá Àgbà pè mí pé kí n wá bá àwọn di nǹkan mú. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ni mo bá wọn, ìgò kan wà lọ́wọ́ wọn tí omi tó rú díẹ̀ kún inú rẹ̀. Wọ́n ti fa bọ́nẹ́ẹ̀tì títí, kò ṣí. Wọ́n wá na ọwọ́ sí ihò ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn, wọ́n fa àkísà ibẹ̀ yọ. Àkísà náà mọ́, kì í ṣe èyí tí mo mọ̀, ṣùgbọ́n mi ò ro ìyẹn rárá.

"Ìyá Àgbà, ibẹ̀ kọ́ la máa ń bu omi sí o."

"Ikùn mélòó ni nǹkan kan ní, Àbẹ̀kẹ́? Ẹ̀kọ tí o jẹ láàárọ̀ àti omi tí o mu lé e, ṣebí inú kan náà ni wọ́n ti pàdé?"

Wọ́n ní "Bisimilláì", wọ́n da ìgò náà dojú kọ ihò, omi ń lọ gùlúgùlú, òórùn epo ń bọ̀ lókè. Wọ́n ń pe orúkọ Bùọ̀dá Làtí bí omi náà ṣe ń wọlé, orúkọ rẹ̀ àti oríkì rẹ̀. Ọwọ́ wọn kò lágbára tó láti ki àkísà náà pa dà, èmi ni mo kì í. "Má sọ fún bàbá rẹ," ni wọ́n wí. "Gbogbo ohun tí ojú bá rí kọ́ ni ẹnu ń sọ." Mo ní, "Ẹ̀hẹn, Ìyá Àgbà." Kí n sọ òótọ́, inú mi dùn. Mo rò pé a ti gba Bùọ̀dá Làtí lọ́wọ́ àlá yẹn, èmi náà sì lọ́wọ́ sí i.

Àárọ̀ Sátidé, àwọn ìyá ọlọ́jà mẹ́rin ti dúró pẹ̀lú ẹrù wọn. Ọkọ̀ wúkọ́, ó dìde, wọ́n wọlé, ó lọ. Wọn kò tíì kọjá ọgbà ilé ìwé míṣọ́n tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta kìjí, ó ta kìjí lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì dákẹ́. Àwọn ìyá náà sọ̀ kalẹ̀, wọ́n bá Bùọ̀dá Làtí tì í bọ̀ wálé, wọ́n ń ṣépè fún àwọn tó ń ta epo lẹ́bàá títì bí wọ́n ṣe ń tì í. Bàbá mi ránṣẹ́ sí Ọ̀gá Múfú mẹkáníìkì. Ó dé, ó tú páìpù kan nínú bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi ẹnu fà á, ó tu ohun tó fà sílẹ̀, ó sì mi orí.

"Tíṣà, omi wà nínú epo yìí."

Ó rá wọ abẹ́ ọkọ̀, ó tú nọ́ọ̀tì tó wà nísàlẹ̀ táǹkì, ó jẹ́ kí ohun inú rẹ̀ dà sínú abọ́ ìfọṣọ ìyá mi. Ó wá bu díẹ̀ sínú ìgò funfun kan, ó gbé e síwájú oòrùn, ó ní ká wá wò ó. Epo wà lókè, ó mọ́ rekete. Omi wà nísàlẹ̀, ó dúdú. A rí ibi tí wọ́n ti pín. Ọ̀gá Múfú ní ìdọ̀tí táǹkì ló jẹ́ kí omi náà dúdú bẹ́ẹ̀. Èmi ń wo ìgò yẹn, mo sì ń wo Ìyá Àgbà, àwọn náà ń wo ìgò.

"Omi inú ẹ̀ á tó ìdajì garawa," ni Ọ̀gá Múfú wí. "Ìsàlẹ̀ ni omi máa ń lọ, ìsàlẹ̀ náà ni páìpù ti ń fa epo. Omi ló ń fà lọ fún ẹ́ńjìnnì. Kò lè ṣiṣẹ́. Màá sọ táǹkì yìí kalẹ̀, màá sá a sóòrùn, màá fọ kábúrétọ̀, màá fẹ́ àwọn páìpù."

Mo sún mọ́ ọn. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé omi tí mo máa ń gbé wá láàárọ̀ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Rárá o, ọmọ Tíṣà. Iwájú ni ìyẹn ń lọ. Kò sí ọ̀nà láti ibẹ̀ dé ibí. Ọ̀tọ̀ ni ibi tó ń mu omi, ọ̀tọ̀ ni ibi tó ń mu epo."

Ikùn méjì ni ọkọ̀ ní, Ìyá Àgbà ṣì í mọ̀, èmi sì ni mo ki àkísà. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń rò ó ni ọ̀rọ̀ tún ń dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́. Ìgò kan ṣoṣo ni wọ́n dà sí i. Níbo ni ìdajì garawa ti wá? Ìyá Àgbà máa ń sọ pé àdúrà a máa sọ díẹ̀ di púpọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bóyá ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn, pé omi náà ti ń pọ̀ sí i nínú òkùnkùn táǹkì láti àná, nítorí bí Ìyá Àgbà ṣe fi gbogbo ọkàn gba àdúrà náà. Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Ẹni ọdún mẹ́sàn-án ni mí, mi ò ní ẹni tí mo lè bi.

Bàbá mi kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sùn. Ọ̀gá Múfú ṣì ń sá táǹkì sóòrùn lọ́wọ́ tí wọ́n fi pe gbogbo wa sí pálọ̀. Ìyá mi dúró ti ilẹ̀kùn, wọn kò tíì bọ́ gèlè ọjà. Ìyá Àgbà jókòó sórí àga tó sún mọ́ fèrèsé, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ wọn. Bùọ̀dá Làtí dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ǹtì, ó gbé àgbọ̀n lé ọwọ́.

"Làtí, ọ̀dọ̀ ta lo ti ra epo yẹn?"

"Ọ̀dọ̀ ẹni tí mo ti ń rà á tẹ́lẹ̀ ni, Bùọ̀dá."

"Àbí o tà nínú ẹ̀, o wá fi omi dí i?"

"Mi ò ta epo, Bùọ̀dá. Mo fi Ọlọ́run búra."

"Báwo wá ni omi ṣe dé inú táǹkì mi?"

Ilẹ̀ ni Bùọ̀dá Làtí ń wò. Mo rò pé kò mọ èsì ni. Mo yíjú sí Ìyá Àgbà, mo ń dúró kí wọ́n sọ̀rọ̀, ọwọ́ wọn ti dúró lórí tẹ̀sùbáà, kò lọ síwájú, kò pa dà sẹ́yìn. Mo dúró títí. Bàbá mi mí kanlẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé, mo sì ti sọ ọ́." Mo rí èjìká Bùọ̀dá Làtí tó ń mì. Ohùn kan jáde, ìgbà tí gbogbo wọn yíjú sí mi ni mo tó mọ̀ pé ohùn mi ni.

"Bàbá, Ìyá Àgbà ló da omi sí i. Hàńtú ni. Èmi ni mo bá wọn fi àkísà dí i."

Bùọ̀dá Làtí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó gbé orí sókè nílẹ̀ níbẹ̀, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Irọ́ ni! Bùọ̀dá, ẹ má dá a lóhùn. Èmi ni mo jẹ́ kí omi wọ táǹkì. Ẹ̀bi mi ni, mo gbà. Kí ọmọdé má parọ́ mọ́ Màmá nítorí tèmi."

Bàbá mi yíjú sí ìyá wọn. "Màmá?"

Ìyá Àgbà ya ẹnu, wọ́n pa á dé. Wọ́n wo Bùọ̀dá Làtí nílẹ̀, wọ́n wò mí. "Èmi ò mọ nǹkan kan nípa mọ́tò, Àlàó," ni wọ́n wí.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́. Ìyẹn gan-an ló dà mí láàmú jù. Bàbá mi mú ẹgba, wọ́n nà mí mẹ́ta, wọ́n ní ọmọ tó bá ń parọ́ mọ́ àgbà, ilé ló ń tú. Mo sunkún, àmọ́ kì í ṣe ẹgba ló pa mí lẹ́kún. Mo ti sọ òótọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa láti sọ ọ́, ẹni tí mo sọ ọ́ fún nà mí, ẹni tí mo sọ ọ́ nítorí rẹ̀ ló pè mí ní òpùrọ́, ẹni tó mọ̀ pé òótọ́ ni sì dákẹ́. Mi ò mọ èwo nínú wọn ni kí n bínú sí. Kí oòrùn tó wọ̀, Bùọ̀dá Làtí ti di ẹrù rẹ̀ sínú àpò kan. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lé orí tábìlì, ó rìn kọjá lára ọkọ̀ láìwò ó. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó fi ọwọ́ kàn mí lórí, ó sì lọ.

Lọ́jọ́ kejì Ìyá Àgbà fi òrí pa ibi tí ẹgba ti bà mí lẹ́yìn. Wọ́n ní, "Ṣé ó ń dùn ọ́, Àbẹ̀kẹ́?" Mo ní kò dùn mí. Mo yọ ara mi lọ́wọ́ wọn, ó sì pẹ́ kí n tó tún jókòó sórí ẹní wọn. Mo bínú sí wọn gan-an, kí n má tàn yín. Ó dun èmi náà pé mo bínú sí wọn, nítorí mo rí bí wọ́n ṣe rù láti ọjọ́ náà, mo sì rí bí wọ́n ṣe ń dìde lọ́jọ́ ọjà Olúpọ̀nnà kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń di mọ́ínmọ́ín sínú aṣọ kó má tutù, tí wọ́n ń wọ ọkọ̀ lọ bá ọmọ wọn lóko. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ títí ẹsẹ̀ wọn kò fi gbé wọn mọ́. Bùọ̀dá Làtí kò wa mọ́tò mọ́. Àwọn ẹlòmíràn pè é, ó ní òun ti gbàgbé rẹ̀. Ó fẹ́ ìyàwó sí Olúpọ̀nnà, ó bímọ, ó di àgbẹ̀ tí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ń tóbi. Ìyá Àgbà kú sí ọwọ́ rẹ̀, òun ló sì wọ sàréè gba òkú wọn.

Gbogbo bí mo ṣe ń dàgbà, mo ti ṣe ìtumọ̀ tèmi sí ọ̀rọ̀ náà. Mo gbà pé Bùọ̀dá Làtí, tó ti ṣe kéwú, ti mọ omi tàdáwà bó ṣe rí ìgò Ọ̀gá Múfú. Mo gbà pé ó mọ̀ pé bí bàbá mi bá gbọ́, ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa sọ sí ìyá wọn kò ní ṣeé kó mọ́, ló fi gba ẹ̀bi náà sórí ara rẹ̀. Ìtàn yìí ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi. Bí ọ̀kan bá ti ń nàka sí èkejì, màá ní ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àbúrò bàbá mi ṣe fún ìyá rẹ̀ fún yín. Wọ́n mọ̀ ọ́n sórí débi pé wọ́n máa ń bá mi parí rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn ni mo lọ kí i ní Olúpọ̀nnà. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ ti pa dà. A jẹun tán, àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ń bó ẹ̀gẹ́ níta, àwa méjèèjì jókòó sábẹ́ àtíbàbà. Mo ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ọ̀kan nínú wa tó kú.

"Bùọ̀dá, ọ̀rọ̀ omi inú táǹkì ọjọ́sí. Mo mọ ohun tí ẹ ṣe."

"O mọ̀ ọ́n?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ta ló sọ fún ẹ? Èmi ò sọ ọ́ fún ẹnì kankan o. Gaàrí ló fà á. Òjò ká wa mọ́ Ilé-Ogbó, gaàrí ìyá kan fẹ́ tutù, mo yọ ọ̀rá tó wà lẹ́nu táǹkì fún un kó fi bò ó, àkísà náà bọ́ sínú ọ̀gbàrá. Mo ní bí mo bá délé, màá dí i. Otútù mú mi, mo gbàgbé. Ọkọ̀ wà nínú òjò títí di àárọ̀, ẹnu ihò là sílẹ̀. Mo wá fi àkísà mìíràn dí i, mo ní bóyá omi ò wọ ibẹ̀ púpọ̀. Mi ò jẹ́ sọ fún Bùọ̀dá. Ẹ̀rù oko yìí ló bà mí."

"Àṣé ẹ̀bi yín ni lóòótọ́?"

"Ẹ̀bi mi ni. Ṣebí mo sọ ọ́ lójú gbogbo yín? Ìwọ lo parọ́." Ó wá ọwọ́ mi, ó dì í mú. "Ọmọ kékeré yẹn. O jẹgba nítorí mi. Ọdún tí mo kọ́kọ́ dé ibí, tí ilẹ̀ yìí fẹ́ pa mí, ìyẹn ni mò ń rò bí mo bá ń kọ ebè, pé ẹnì kan wà ní Ìwó tó fẹ́ràn mi débi tó fi lè parọ́ mọ́ Màmá. Àdúrà tí mo ti gbà fún ẹ, Àbẹ̀kẹ́, mi ò gba irú ẹ̀ fún àwọn ọmọ mi."

Èmi ti fi gbogbo ayé mi gbà pé ó parọ́ nítorí ìyá rẹ̀. Òun ti fi gbogbo ayé rẹ̀ gbà pé mo parọ́ nítorí òun. Kò sí ẹni tó parọ́ nínú àwa méjèèjì. Ó ku ẹni kan tó dákẹ́ nígbà tí wọ́n ń lé Bùọ̀dá Làtí lọ, tí kò mọ̀ nípa òjò, tó gbà pé ìgò òun ló ba ọkọ̀ jẹ́, tó sì jẹ́ kó lọ. Mo ronú nípa gbogbo ọjọ́ ọjà tí Ìyá Àgbà fi ń gbé mọ́ínmọ́ín wá síbí, mi ò sì mọ̀, títí di bí mo ṣe ń kọ èyí mi ò mọ̀, bóyá ìfẹ́ ni wọ́n ń gbé wá àbí ẹ̀bẹ̀.

Bùọ̀dá Làtí ti ń fetí sílẹ̀, bíi pé ìdákẹ́jẹ́ mi ti pẹ́ jù lójú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ le mọ́ ọwọ́ mi.

"Irọ́ ni, àbí?" ni ó wí. "Màmá ò da nǹkan kan sí i?"

Mo wo ojú rẹ̀ tí kò ríran mọ́. Irọ́ tí wọ́n ti torí rẹ̀ nà mí láti kékeré, mi ò tíì pa á rí.

"Irọ́ ni, Bùọ̀dá," ni mo wí. "Mo parọ́ mọ́ wọn ni."

"Mo mọ̀," ni ó wí, ó sì tú ọwọ́ mi sílẹ̀ wẹ́rẹ́. "Ọlọ́run á dárí ẹ̀ jì ẹ́."

Mo ní àmín.